Tiwalọpẹ́ àti Àwọn Ọkọ Rẹ̀ ní CM2

Olùkọ́ kan wà ní ilé-ìwé wa ní Ìdí-Àyin tí àwọn ọkọ rẹ̀ kún inú kíláàsì rẹ̀. Ẹ má tíì pariwo. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Tiwalọpẹ́ ni orúkọ rẹ̀, CM2 ló ń kọ́, kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èmi, Falilatou, ń kọ́ CE1, kíláàsì kẹta, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín kíláàsì wa, ògiri náà kò sì nípọn rárá. Kò sí ohun tí obìnrin yẹn ń sọ tí mi ò gbọ́. Nílé pàápàá, ní Ṣábẹ, àgbàlá kan náà la jọ ń gbé. Nítorí náà, tí mo bá sọ pé mo mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ìròyìn ni mo gbọ́.

Ofè ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ń gbin iṣu àti òwú, ìyá rẹ̀ ń ṣe gàrí. Ọdún tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ló lọ gba aṣọ lọ́wọ́ Àbíbù aránṣọ, Àbíbù kò sì tíì fi abẹ́rẹ́ kan aṣọ náà. Tiwalọpẹ́ bínú. Faransé ló fi bínú, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí àṣìṣe kan. Àbíbù sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé òun kò gbọ́ ìdajì rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wu òun kí ẹni tó lè bínú dáadáa bẹ́ẹ̀ máa bá òun bínú títí ayé. Kìrìsìtẹ́nì ni Tiwalọpẹ́, Mùsùlùmí ni Àbíbù. Wọ́n jọ ń ṣe ọdún méjèèjì, èmi náà sì ń bá wọn jẹ méjèèjì.

Ìdí-Àyin ni ilé bàbá Àbíbù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọkọ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ àṣà yẹn: ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ẹni tó bá ti wà nínú ilé kí wọ́n tó gbé ìyàwó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ obìnrin, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ìyàwó ni yóò wá orúkọ mìíràn tó dùn létí tí yóò máa fi pè é. Púpọ̀ nínú wa ti dín in kù. Àbúrò ọkọ tèmi, Thierry ló ń jẹ́, Thierry ni mo sì ń pè é. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó má dáhùn. Ṣùgbọ́n Tiwalọpẹ́ kò dín nǹkan kan kù nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un lọ́jọ́ tó ń lọ sílé ọkọ pé ọjọ́ tó bá pe ọmọ ilé yẹn lórúkọ, ńṣe ló ń sọ fún wọn pé òun kò ṣe ìyàwó wọn mọ́.

Nígbà tó dé ilé náà, Rachida, ọmọ ẹ̀gbọ́n Àbíbù, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Ó rá wọ yàrá ìyàwó, ó mú èédú, ó sì fi ha gbogbo ara ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹfun kùn. Ìyàwó tuntun wò ó títí, ó ní, "Akọ́wé mi, ẹ kú iṣẹ́ o." Bí Rachida ṣe di Akọ́wé nìyẹn. Rafiou, ọmọ ẹ̀gbọ́n kejì, dúdú, ó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi àdín pa á lára, nítorí náà Adúmáadán ni. Tọ́ládé, àbúrò Àbíbù tí kì í rí dígí kó má dúró, Arẹwà ni. Ilé ńlá ni, mi ò lè sọ gbogbo wọn. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé kò ṣì wọ́n pè rí.

Àwọn tó ń pín olùkọ́ káàkiri kò bi ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó rán Tiwalọpẹ́ lọ sí Ìdí-Àyin, abúlé ọkọ rẹ̀ gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkọ rẹ̀ ṣe dàgbà wọ kíláàsì rẹ̀. Láti CE2, kíláàsì kẹrin, ló ti ń bá wọn bọ̀, wọ́n sì ti dé CM2 báyìí, ọdún tí wọn yóò ṣe CEP, ìdánwò tí wọ́n fi ń jáde ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tó bá kan Fréjus, tó jẹ́ ọmọ ilé mìíràn, èmi tí mo wà lẹ́yìn ògiri á gbọ́ "Fréjus". Tó bá kan Rachida, màá gbọ́ "Akọ́wé mi". Alábẹ̀wò ilé-ìwé wá, ó jókòó lẹ́yìn, kò fura sí nǹkan kan. Ó rò pé olùkọ́ náà kàn ń fi àwọn ọmọ ṣeré ni. Nínú kíláàsì, ojú àti ìka ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́ ẹnu.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òjò kọ̀, kò dá. Ilé-ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni odò tó wà lọ́nà Ìdí-Àyin, èyí tó ń lọ dà sínú odò Okpara, kún bo afárá, ó sì gbé afárá náà lọ. Nígbà tí a gun alùpùpù débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwa olùkọ́ wà ní ẹ̀bá ìhín, àwọn ọmọ wà ní ẹ̀bá ọ̀hún nínú aṣọ káákì wọn, wọ́n gbé àpò ìwé kọ́ èjìká. Wọ́n kí wa, a jẹ́ wọn. Mo rò pé ó parí nìyẹn. Tiwalọpẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi igbe bi wọ́n ní ìṣirò láti òdìkejì omi, wọ́n sì ń fi igbe dá a lóhùn. Èmi ni mo fà á lọ́wọ́ pé ká máa lọ kí ọ̀fun rẹ̀ má baà há.

Wọ́n sọ fún wa pé ó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kí wọ́n tó lè tún afárá ṣe. Kí àwọn ọmọ má baà jókòó lásán, wọ́n ní kí àwa tí omi sé mọ́ wọ ẹ̀kọ́ kan lórí ayélujára, níbi tí wọn yóò ti kọ́ wa bí a ṣe ń fi tẹlifóònù kọ́ ọmọ tí ojú wa kò tó. Ẹni tó bá yege nínú ìdánrawò ìkẹyìn ni yóò máa bá kíláàsì rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá yege, wọn yóò fi àwọn ọmọ rẹ̀ kún ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan ní ìlú ńlá, tó ń fi ẹ̀rọ kọ́ ọmọ ilé-ìwé púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni kò jẹ́ kí Tiwalọpẹ́ lè jẹun. Ó ní, "Falilatou, Akọ́wé máa ń dákẹ́ tí nǹkan ò bá yé e. Kò ní béèrè. Ta ni yóò gbọ́ ọ pé ó dákẹ́ nínú gbogbo èrò yẹn?" Láti ìgbà tí wọn kò lè ka ojú ewé kan já ló ti ń fà wọ́n bọ̀, ọdún kan péré ló kù kó rí wọn dé èbúté. Ẹ̀rù ń bà á pé wọn yóò gba ọmọ wọ̀nyẹn lọ́wọ́ òun, ó sì sọ ọ́ jáde bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń kọ́ wa lórí ayélujára ni Màdáàmù Chimène, ọmọbìnrin Fọ̀n kan tí kò gbọ́ Yorùbá, tó ń fi Faransé bá wa sọ̀rọ̀ láti Àjàṣẹ́, olú-ìlú wa. Ó mọṣẹ́, ohùn rẹ̀ tutù, kì í sì í fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ a fún un ní ìdí tó pọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó ní kí a pa míkírò. Èmi pa tẹlifóònù lápapọ̀. Ó fi àdírẹ́sì aláwọ̀ búlúù kan ránṣẹ́, ó ní kí a fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Olùkọ́ àgbà kan láti Boni dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé òun ti ń tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀, kò tíì dún. Díẹ̀díẹ̀ ó là wá lójú. A mọ bí a ṣe ń gba ohùn sílẹ̀, bí a ṣe ń fi àwòrán ránṣẹ́, bí a ṣe ń gé ẹ̀kọ́ gígùn sí wẹ́wẹ́ kó má baà jẹ gbogbo ìṣẹ́jú tí àwọn òbí rà tán.

Ṣọ́ọ̀bù Àbíbù ní Ṣábẹ, ní ìsàlẹ̀ òkè àpáta, la ti ń gba ẹ̀kọ́ náà, nítorí ibẹ̀ ni kọnẹksíọ̀n ti máa ń wọlé dáadáa. Tí ẹ̀kọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, Àbíbù gbọ́dọ̀ dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, àwọn oníbàárà rẹ̀ á sì máa bú u pé aṣọ àwọn kò tíì ṣe tán. Ó ní kò burú, wọ́n ti ń bú òun bẹ́ẹ̀ kí ayélujára tó dé.

Ohun kan wà tí Chimène tẹnu mọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó ní, "Nínú kíláàsì, ojú yín ló ń pe ọmọ. Lórí tẹlifóònù, kò rí ojú yín. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni yóò fi mọ̀ pé òun ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Olùkọ́ tí kò bá pe àwọn ọmọ lórúkọ nínú ìdánrawò kò lè yege." Mo yíjú wo Tiwalọpẹ́. Ó ń kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ọmọ dáadáa, kò tíì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Ọjọ́ ìdánrawò pé. Ní Ìdí-Àyin, àwọn ọmọ kóra jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Àbíbù, torí pé ibẹ̀ nìkan ni tẹlifóònù Tọ́ládé ti ń gbóhùn. Chimène wà ní Àjàṣẹ́, ó ń gbọ́ gbogbo wa, orúkọ àwọn ọmọ sì wà níwájú rẹ̀. Tiwalọpẹ́ kí wọn, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí ìdá. Ó dùn láti gbọ́, ó ń sọ ọ́ ní Faransé, ó ń fi Yorùbá là á yé wọn. Ó ní, "Adúmáadán, tí mo bá gé iṣu kan sí mẹ́rin, tí mo sì mú ẹyọ kan, kí ló kù fún yín?" Ohùn ọmọkùnrin kan dáhùn kíá pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Chimène dá sí i. Ó ní, "Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ta ló dáhùn yẹn? Mi ò rí orúkọ tí ẹ pè nínú àwọn ọmọ yín."

Tiwalọpẹ́ la ẹnu, ó sì pa á dé. "Rafiou" kò lè jáde. Ó wá fi Faransé sọ òtítọ́ kan ṣoṣo tó rí lẹ́nu rẹ̀: "C'est mon mari." Ọkọ mi ni.

Chimène rọra béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọkọ yín wà ní CM2?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Tiwalọpẹ́ wí. "Ó mọ ìṣirò dáadáa."

Nígbà náà gan-an ni Rachida sọ̀rọ̀ láti Ìdí-Àyin pé òun fẹ́ fi nǹkan kún ìdáhùn náà. Chimène ní, "Ọmọbìnrin yìí ńkọ́?"

"Ọkọ mi ni òun náà."

Àbíbù, tó jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé-ìwé, ó ní òun náà wà níbí o. Mi ò mọ bí mo ṣe dé ilẹ̀. Orí àga ni mo wà tẹ́lẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí, Tiwalọpẹ́ sì ń fi ẹsẹ̀ ta mí lábẹ́ tábìlì pé kí n dákẹ́.

Ó gbìyànjú láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n kọnẹksíọ̀n já láàárín ọ̀rọ̀, nígbà tó sì padà, ó ti kan ẹlòmíràn. Chimène kò bínú. Ó ní òun rí i pé àṣà kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà, pé òun yóò tún gbọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin, òun kọ́ ló ṣe é: kí ó pe àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kíláàsì náà yóò lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Èmi yege lọ́jọ́ yẹn. Tiwalọpẹ́ kí mi kú oríire, ó sì wọlé lọ láìjẹun.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò dára fún un. Lọ́jọ́ kan mo bá a níwájú dígí Àbíbù, èyí tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn, ó ń sọ pé, "Ra... Ra..." bí ọkọ̀ tí epo rẹ̀ fẹ́ tán. Àbíbù ní, "Pè wọ́n jàre. Èmi tí mo gbé ọ níyàwó, mo fún ọ láyè." Ó tún rán aṣọ díẹ̀, ó gbé orí sókè, ó ní, "Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí Ìyá gbọ́ o." Irú ìrànlọ́wọ́ tí ọkùnrin ń ṣe nìyẹn. Mo ní kó kúkú pe Ìyá fúnra rẹ̀ kó ṣàlàyé. Ó ní ojú ń ti òun, pé yóò dà bí ẹni pé òun ń tọrọ àyè láti rí wọn fín.

Inú bí mi wàyí, inú mi sì máa ń tètè bí. Mo ní Rachida kì í ṣe iyọ̀, kò ní yọ́ tí wọ́n bá pè é lórúkọ. Mo bi í pé èwo ló sàn, kó pe orúkọ ọmọ náà, àbí kó gbé ọmọ náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí? Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó ní, "Ó dáa. Màá pè wọ́n." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n gbé àgbo kíkorò fún. Mi ò kábàámọ̀ ohun tí mo sọ, títí dòní. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Ọjọ́ náà tún pé. Àbíbù dá ẹ̀rọ dúró, ó lé oníbàárà kan síta. Chimène kí wa, ó ní kí Màdáàmù máa bẹ̀rẹ̀. Tiwalọpẹ́ jókòó ṣinṣin, ó di etí tábìlì mú, ó ní, "Rafiou."

A kò gbọ́ nǹkan kan.

"Rachida."

Kò sí ẹni tó dáhùn. Ó ní, "Fréjus," Fréjus sì ní, "Mo wà níbí, Màdáàmù," ketekete, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀jọ́ kọnẹksíọ̀n. Ó tún ní, "Rafiou." A gbọ́ tí àwọn ọmọ ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ohùn Rachida, ẹkún ti wà nínú rẹ̀. "Màdáàmù, kí la ṣe fún yín?"

Mo ti ṣètò láti rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rín náà kò wá. Àánú ọmọ náà ṣe mí, àánú ọ̀rẹ́ mi sì ṣe mí jù ú lọ.

A gbọ́ bàtà tó ń wọ́ nílẹ̀, a sì gbọ́ tí wọ́n gbé tẹlifóònù náà. Ìyá Àbíbù ni. Ó ní, "Ìyàwó."

"Ìyá mi."

"Ta ni mo gbọ́ tó ń pe Rafiou?"

"Èmi ni, Ìyá mi."

"Ta ló ṣẹ̀ ọ́ nínú ilé yìí? Ṣé Àbíbù lù ọ́ ni?"

"Rárá o, Ìyá mi."

"Ó ti lọ mú obìnrin mìíràn?" Àbíbù dìde jẹ́jẹ́, ó lọ dúró sẹ́yìn àwọn aṣọ tó gbé kọ́, bí ẹni pé ìyá rẹ̀ lè rí i. Ìyá kò dúró gbọ́ èsì. "Nígbà náà kí ló dé tí o fi ń pe àwọn ọkọ rẹ bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí? Ṣé o kọ̀ wá ni? Tí o bá kọ̀ wá, sọ fún mi, má fi ọmọdé sọ ọ́."

Tiwalọpẹ́ bú sẹ́kún. Ó ní, "Ìyá mi, mi ò kọ̀ yín. Ìdánwò ni. Wọ́n ní tí mi ò bá pè wọ́n bẹ́ẹ̀, wọn yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ mi, wọn yóò kó wọn fún olùkọ́ mìíràn."

"Ta ni yóò gbà wọ́n?"

"Ọ̀gá wa ni, Ìyá mi. Ó ń gbọ́ wa báyìí."

"Ó ń gbọ́? Ó dára bẹ́ẹ̀."

Chimène ń gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹkún nìkan ló yé e nínú rẹ̀. Ó ń fi Faransé béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, ṣé kò sí ẹni tó ṣubú? Ìyá Àbíbù kò gbọ́ Faransé. Ó ní, "Rafiou, ìwọ lo gbọ́ èdè wọn. Sọ fún un pé nínú ilé yìí, ìyàwó kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Pé ìyàwó wa kò ya aláìgbọ́n, ó mọ orúkọ wọn, iyì ló ń fún wọn."

Rafiou kó ọ̀rọ̀ náà dà sí Faransé. Ó gbé e dáadáa, àfi pé ó gbé ọ̀rọ̀ ìṣe kan sí ìgbà tí kì í ṣe tirẹ̀. Tiwalọpẹ́, tó ń fi etí ìró nu imú lọ́wọ́, kò lè jẹ́ kó kọjá. Ó ní, "Adúmáadán, ẹ tún gbólóhùn yẹn sọ." Rafiou tún un sọ, ó sì tọ̀nà. Ojú ẹsẹ̀ ló dáhùn, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Chimène ní kí wọ́n bá òun bi Ìyá pé kí ni ìyàwó máa ń pè wọ́n nígbà náà? Fréjus ló túmọ̀ ìyẹn fún Ìyá. Ìyá dáhùn, ọmọ mìíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ láàárín Àjàṣẹ́ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, Tiwalọpẹ́ sì wà láàárín, ó ń tọ́ wọn sọ́nà, ó ń pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò mọ̀ pé òun ti ń kọ́ wọn. Èmi mọ̀. Mo wo ojú tẹlifóònù náà, mo sì rí i pé Chimène kò dá a dúró.

Ó dé ibì kan, Rachida bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan, kò parí rẹ̀. Àwọn yòókù fẹ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀. Tiwalọpẹ́ ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Akọ́wé mi, mo gbọ́ pé ẹ dákẹ́. Kí ni kò yé yín?"

Rachida ní òun kò mọ ohun tí wọ́n ń pe irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní Faransé.

"A ti kà á rí nínú ìwé kíkà. Orúkọ tó wà lórí orúkọ, tí àwọn ará ilé ẹni fi ń pe ènìyàn."

"Surnom!" ni Rachida wí, inú rẹ̀ sì ti dùn.

Chimène wá bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, èwo lo fẹ́ kí Màdáàmù máa fi pè ọ́ lórí tẹlifóònù?"

Rachida rò ó díẹ̀. Faransé ló fi dáhùn, ó rọra ń sọ ọ́ kí àṣìṣe má baà wọ̀ ọ́. Ó ní, "Rachida pọ̀ ní ilé-ìwé wa. Tí Màdáàmù bá ní Akọ́wé mi, mo mọ̀ pé èmi ni."

Àbíbù ti jáde láti ẹ̀yìn aṣọ. Mo di ọwọ́ Tiwalọpẹ́ mú, ó tutù bí omi àmù. Chimène ní ohun tí òun ní kí àwọn olùkọ́ ṣe náà nìyẹn, kí ọmọ mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè. Pé òun kò rí ìdí láti béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé òun yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó wà lókè òun. Ó wá sọ gbólóhùn kan tó kúrú. Ó ní, "Elle garde sa classe."

Ohun tó ń sọ ni pé kíláàsì náà kò ní kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Mo pariwo. Àbíbù lọ ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà tó lé síta, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí i, ìyẹn kò mọ ohun tó ń rẹ́rìn-ín sí.

Ní Ìdí-Àyin, Ìyá ní, "Kí ló wí?"

Rafiou kò dúró rò ó. Ọ̀rọ̀ Faransé yẹn, "garde", ni wọ́n tún ń lò fún ẹni tó ń ṣọ́ àgùntàn, ìyẹn ló sì mọ̀. Ó ní, "Ó ní kí ìyàwó wa máa ṣọ́ wa."

"Ṣé ẹlòmíràn ló ń ṣọ́ yín tẹ́lẹ̀ ni?" ni Ìyá wí, ó sì gbé tẹlifóònù náà padà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Mo wo Tiwalọpẹ́. Mo mọ̀ pé ó gbọ́ àṣìṣe tí Rafiou ṣe, torí mo rí i tó la ẹnu láti tún un ṣe. Ó pa ẹnu náà dé. Ó fi ìró nu ojú rẹ̀, ó sún mọ́ tẹlifóònù, ó sì ní kí Adúmáadán tún ìdáhùn iṣu yẹn sọ kí gbogbo wọn gbọ́.